Àwọn Obìnrin Abẹ́ Agbòòrùn: Bí Fóònù Ṣe Dé Ọwọ́ Tálákà ní Bódìjà

Bí ẹ bá ka ìtàn bí fóònù alágbèéká ṣe dé Nàìjíríà, ibi títa ìwé àṣẹ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá du ìwé àṣẹ náà títí owó rẹ̀ fi gun òkè dé mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ẹyọ kan. NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, tí Ernest Ndukwe jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà náà, ló darí ètò náà, ọ̀pọ̀ èèyàn nílé àti lẹ́yìn odi sì yìn wọ́n pé kò sí màgòmágó níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Econet àti MTN ti ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ibi tí mo ti ka ìtàn yìí, bóyá ni wọ́n ti dárúkọ àwọn tó gbé fóònù náà dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lówó àtirà á. Tábìlì pákó kan, àga oníke méjì, agbòòrùn ńlá kan. Ohun tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Mo ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọdún 2002 ni mo bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ ẹ̀wà àti ọkọ̀ ata ti ń já ẹrù láti òkè Ọya. Mo ti parí ní Poli Ìbàdàn, iṣẹ́ kò sí, ni ìyá mi bá kó àjọ rẹ̀ fún mi kí n fi ra fóònù àti síìmù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ kí ẹni tó jìnnà sì gbọ́, èyí tí àwọn ìjọba ti ń kọ sínú ìwé tipẹ́, àwọn obìnrin ọjà ló kọ́kọ́ fi lé tálákà lọ́wọ́ nílẹ̀ wa, owó àpò ara wọn ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ẹni tí kò bá gbé ayé NITEL lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó. Ọdún 1985 ni ìjọba yọ ẹ̀ka tẹlifóònù kúrò lára ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí a ń pè ní P and T, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, wọ́n sì sọ ọ́ ní NITEL. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 500,000, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn ti lé ní 100 mílíọ̀nù. Ilé ọlọ́lá, ilé dókítà, ọ́fíìsì ìjọba ni tẹlifóònù ń gbé. N'Ìbàdàn, ẹ ó rí wáyà rẹ̀ ní Jẹ́ríkò, ẹ ó rí i ní Bódìjà Estate, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá sínú ọjà tó wà nítòsí Estate yẹn gan-an, láàárín àwọn ẹlẹ́wà àti àwọn ẹlẹ́ran, n kò mọ ẹnì kan tó ní in. Ilé tó bá sì ní in, wọ́n a máa fi àgádágodo kékeré ti ojú ibi tí wọ́n ti ń yí nọ́ńbà, kí ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí àlejò má baà pè. Nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. A lè gba ìpè níbẹ̀, àwa kò lè pe ẹnikẹ́ni. Ọmọdé ni mí nígbà náà, àgádágodo yẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísọ náà lè ní ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn kò yéé tún sọ, pé mínísítà kan láyé ológun sọ pé tẹlifóònù kì í ṣe fún tálákà. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà kàn ti sọ ní gbangba pé òun kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní bá a jiyàn. Ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú ni pé bí nǹkan ṣe rí gẹ́lẹ́ ló wí.

Báwo wá ni ìròyìn ṣe ń rìn láàárín àwọn tí kò ní wáyà nílé? Ẹsẹ̀ àti mọ́tò ló ń gbé e. Ìyá tó ń ra ẹ̀wà láti Kánò a wá akọ̀wé lẹ́tà lọ sí ẹnu ọ̀nà pósítọ́fíìsì, á ro ẹjọ́ ẹnu rẹ̀ fún un, akọ̀wé á gbà á sílẹ̀, á gba owó rẹ̀, wọ́n á fi lẹ́tà náà lé dírẹ́bà lọ́wọ́ nítorí pé dírẹ́bà yá ju pósítì lọ. Bí èèyàn bá kú, ilé-iṣẹ́ rédíò ni wọ́n ń sáré lọ láti ra ìkéde, kí àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà lọ́nà jíjìn lè gbọ́. Rédíò fúnra rẹ̀ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún 1935 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi wáyà fa Rediffusion wọ ilé l'Ékòó, kó tó dé Ìbàdàn, tó sì di àpótí kékeré ara ògiri tí àwọn bàbá wa ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni. Ó kọ́ wa ní ohun púpọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń wọlé ni, kò sí èyí tó ń jáde. Ará ọjà lè gbọ́ ohun tí gómìnà sọ. Kò sí bí gómìnà ṣe máa gbọ́ tirẹ̀, kò tilẹ̀ sí bí àbúrò rẹ̀ ní Kàdúná ṣe máa gbọ́.

Àwọn tó wà lókè mọ̀ pé nǹkan kò dára. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1985, ọdún tí wọ́n dá NITEL sílẹ̀ gan-an, ìgbìmọ̀ kan tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, gbé kalẹ̀, tí Sir Donald Maitland ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ alága rẹ̀, gbé àbọ̀ iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ní tẹlifóònù tó wà ní ìlú Tokyo nìkan pọ̀ ju èyí tó wà ní gbogbo Áfíríkà lọ. Wọ́n wá dá àbá pé, kí ọ̀rúndún tó ń bọ̀ tó rìn jìnnà, kò gbọdọ̀ sí ọmọ ènìyàn kan láyé tí tẹlifóònù máa jìnnà sí. Wọn kò ní kí olúkúlùkù ní tirẹ̀ nílé. Kó ṣáà wà níbi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé. Ohun tí àwa ṣe gan-an nìyẹn ní Bódìjà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ orúkọ Maitland rí.

Nígbà tí GSM dé ní 2001, síìmù nìkan gbà tó 20,000 náírà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kò tíì ra fóònù tí ẹ máa kì í bọ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2000 jẹ́ 7,500 náírà fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, 5,500 fún ti ìpínlẹ̀. Ẹ wá rò ó wò: òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó gba owó tó kéré jù máa kó owó bí oṣù mẹ́rin jọ láìjẹun, láìsanwó ilé, kó tó ra síìmù lásán. Ìṣẹ́jú kan ìpè sì jẹ́ nǹkan bí 50 náírà. Àwọn tó kọ́kọ́ ra fóònù nínú ọjà, tí wọ́n ń há a mọ́ bẹ́líìtì, kò ju mélòó kan lọ. Inú ìyàtọ̀ yìí ni iṣẹ́ wa ti yọ. Bí ẹnì kan kò bá lè ra fóònù, ó lè ra ìṣẹ́jú kan.

Ní Bangladesh, láti ọdún 1997, báńkì Grameen ti ń yá àwọn obìnrin abúlé lówó láti fi ra fóònù kí wọ́n lè máa ta ìpè fún aládùúgbò wọn. Ní South Africa, ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pé wọ́n gbọ́dọ̀ gbé fóònù tó dínwó lọ sí àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìyẹn ló mú kí wọ́n máa gbé kọ̀ǹténà tó kún fún fóònù kalẹ̀ káàkiri. Nǹkan dáadáa ni méjèèjì, mo sì máa ń gbóríyìn fún wọn bí mo bá ń sọ ìtàn yìí. Àwa ní Bódìjà, àjọ ló yá wa lówó. Ìyá kan ta ẹ̀gbà rẹ̀. Èkejì gba owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Agbòòrùn tí ilé-iṣẹ́ fóònù ya orúkọ ara wọn sí dé lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n rí i pé a ń ta káàdì fún wọn. Agbòòrùn tí mo kọ́kọ́ lò, ti olóúnjẹ kan tó ń kógbá wọlé ni mo rà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ó kọ iye owó sára páálí, ẹ ó so ó mọ́ igi agbòòrùn. A bẹ̀rẹ̀ láti 50 náírà fún ìṣẹ́jú kan, ó sọ̀kalẹ̀ di 30, ó di 20. Ẹ ó ní aago kékeré tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá fi ń ka eré sísá, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè bá ti ní "Hẹ́lóò." Bí ìpè bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré lé ní ìṣẹ́jú kan, ó ti di ìṣẹ́jú méjì, nítorí pé bí ilé-iṣẹ́ fóònù ṣe ń kà á fún wa náà nìyẹn. Mo rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n á ti to ọ̀rọ̀ wọn jọ láti ilé, tí wọ́n á pa kíkí tì, tí wọ́n á sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: "Èmi ni. Owó ò tíì pé. Fi ọkọ̀ Sátidé ránṣẹ́. Ó dàbọ̀." Yorùbá tí kò kí ara wọn! Ó dùn mí púpọ̀, torí mo mọ̀ pé wọn ò rí owó kíkí san ni. Lórí tábìlì kan náà ni fóònù méjì tàbí mẹ́ta máa wà, ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì 0802, ti 0803, nígbà tó yá ti 0805, nítorí pé àtinú nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn wọ́n, ó sì máa ń ṣòro nígbà mìíràn kó tó wọlé. Ṣọ́ọ̀bù agẹrun tó ní jẹnẹrétọ̀ la ti ń gba iná sí bátìrì. Ìwé ńlá kan sì wà lábẹ́ tábìlì, èyí tí a ń kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà wa sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí a sì máa sọnù nínú gèlè. "Bá mi pe ọmọ mi tó wà l'Ékòó," kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni máa ṣí ìwé.

Ìyá ẹlẹ́wà kan wà tí mo máa ń rántí. Kí fóònù tó dé, iye tí àwọn alárinà bá ní ẹ̀wà ń lọ ní Kánò lòun náà máa gbà. Bí wọ́n bá ní àpò ti gbówó lórí, ta ni yóò sọ pé irọ́ ni? Láàárín oṣù díẹ̀ tó fi ń wá sọ́dọ̀ mi, ó ti ní nọ́ńbà ọkùnrin méjì lọ́hùn-ún tí wọn kò mọ ara wọn. Á pe ọ̀kan, á bi í léèrè, á pe ìkejì. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Lọ́jọ́ kan ó gbé fóònù kalẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, ó tó ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti ń rẹ́ mi jẹ." Kò bínú. Ńṣe ló sanwó, ó sì gbéra. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣàlàyé ohun tí ìbánisọ̀rọ̀ ń ṣe fún ọjà, ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mo fi ń díwọ̀n tiwọn.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n kàn nílò ẹni tí yóò bá wọn gbọ́. Bí ìpè kò bá wọlé, ohùn obìnrin kan a máa sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tí ẹ pè ti pa fóònù, tàbí pé ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìyá àgbà a gbà pé ẹnì kan gbé fóònù ọmọ òun, wọ́n a máa dá a lóhùn, wọ́n a máa bẹ̀ ẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá rẹ̀ ni o, ẹ fún un." Mo ní láti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ wọn kí n ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ni. A gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ wá sí ọjà Yorùbá, kò sì gbọ́ Yorùbá. Ó gba àwọn ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún díẹ̀ kí wọ́n tó máa fi èdè wa dá oníbàárà lóhùn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹnu àwa oníkọ́ọ̀lù ni fóònù fi ń sọ Yorùbá.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọmọ tó wà lọ́hùn-ún a máa ra káàdì ìpè ní ṣọ́ọ̀bù Peckham, wọ́n á pe nọ́ńbà mi, àwọn ìyá àti bàbá wọn á ti jókòó sórí àga oníke láti ìgbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Owó díẹ̀ ni mò ń gbà fún gbígba ìpè, nítorí pé kò jẹ mí ní kírẹ́díìtì. Bí ìlà bá já, kò sẹ́ni tó máa dìde, wọ́n mọ̀ pé ọmọ á tún pè. Bàbá kan a máa wọ agbádá wá gba ìpè.

Ohun kan wà tí fóònù fẹ́ bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Yorùbá kì í túfọ̀ fún èèyàn lójú ọ̀nà. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, àgbà ni wọ́n ń rán. Wọ́n á jókòó ti ẹni tí ọ̀ràn kàn, wọ́n á béèrè bóyá ó ti jẹun, wọ́n á wo ẹni tí yóò dì í mú bó bá ṣubú, kí wọ́n tó la ẹnu. Fóònù kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan pè láti Ìṣẹ́yìn, ó bi mí bóyá èmi ni mo ni fóònù. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é wá gba fóònù o. Ẹ kàn sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ara Bàbá ò yá díẹ̀, kó máa bọ̀ nílé lónìí." Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Kò sí Yorùbá tí kò mọ ohun tí "ara Bàbá ò yá, máa bọ̀ nílé lónìí" túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n tó wí yìí, aláta ni, mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò lọ bá a. Ọ̀dọ̀ ìyá tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn aláta ni mo lọ, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ sí i létí. Ìyá náà kò wí nǹkan kan. Ó ró ìró rẹ̀ dáadáa, ó ní kí àwọn ọmọ máa bá òun wo ọjà, ó lọ bá aláta náà, ó ní òun náà fẹ́ lọ kí Bàbá, kí wọ́n jọ máa lọ. Wọ́n jọ wọkọ̀ ni.

Láti ọjọ́ náà, àwa tí a wà ní ojúko yẹn fi ohùn ṣọ̀kan. A ò ní fi fóònù tí ọ̀fọ̀ wà nínú rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A ó kọ́kọ́ bi ẹni tó pè: "Ṣé ohun tó ṣeé gbọ́ ni?" Bó bá ṣe pẹ́ kó tó dáhùn la fi ń mọ̀. Kò sí àjọ kan tó kọ òfin yìí fún wa. Mo gbà pé bí èèyàn ṣe ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ ìròyìn náà ló ní ẹ̀tọ́ sí bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ fún un, mo sì rò pé àwa la mọ ìyẹn ju àwọn tó ṣe ẹ̀rọ lọ.

Síbẹ̀ n kò ní sọ pé ohun gbogbo dára lábẹ́ agbòòrùn. Gbogbo ọjà ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ lórí fóònù mi. Mo mọ ẹni tó jẹ gbèsè, mo mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò fi owó ránṣẹ́ mọ́, mo mọ ọmọ tí kò wọlé sí yunifásítì bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe rò. Ẹni tó ní fóònù tirẹ̀ lè wọ yàrá lọ sọ tirẹ̀. Ìyá olókòwò kékeré gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lójú èmi àti aládùúgbò mi. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ní ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún ẹbí wọn nípa ohun tí ojú wọn ń rí nílé ọkọ, tí wọ́n á di fóònù mú, tí wọ́n á wò yíká, tí wọ́n á sì ní "Àlàáfíà la wà." Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ owó. Tálákà tó pè fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ san méjì. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni. Àǹfààní ló jẹ́ fún un, ó sì tún ná an jù bó ṣe ná olówó lọ.

Ọdún 2003 ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ dáadáa. Ní òpin oṣù Kẹjọ, Globacom bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ń ka owó ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí àwọn tó kù fi tẹ̀lé e. Àmọ́ kí ìyẹn tó délẹ̀, inú ń bí àwọn oníbàárà: owó pọ̀, ìlà ń já, káàdì ń parí láìtíì lò ó. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún oníbàárà wá pe gbogbo ọmọ Nàìjíríà pé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2003, kí olúkúlùkù pa fóònù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì pa á. Ebenezer Obadare, ọ̀mọ̀wé tó ń ṣèwádìí nípa àwùjọ, ti kọ̀wé lórí ọjọ́ yẹn, mo sì dúpẹ́ pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ojúko wa, àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ọjọ́ kan tí a kò tà, ebi ni. Mo pa tèmi. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tó ń sanwó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó wọ́n, ó sì tọ́ kí àwa tí à ń jẹ lára owó náà tì í lẹ́yìn.

Ọdún yẹn kan náà ni Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà jáde, òfin tó dá owó àkànlò kan sílẹ̀ láti gbé ìbánisọ̀rọ̀ dé ìgbèríko. Ní oṣù Kejìlá, àwọn olórí ìjọba lágbàáyé péjọ ní Geneva, wọ́n jọ kéde pé ayé ìròyìn tuntun gbọ́dọ̀ gba gbogbo èèyàn mọ́ra. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí wọn kì í ṣe ti ìjọba ti ń pariwo níbẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ìbánisọ̀rọ̀ kọjá kí ilé-iṣẹ́ ta ẹ̀rọ fún èèyàn. Tiwọn ni mo fara mọ́.

Ìparí iṣẹ́ wa kò pẹ́ sọ. Nokia 1100, oníná tọ́ọ̀ṣì, dé. Fóònù àwọn ará Ṣáínà tẹ̀lé e. Síìmù di ohun tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Econet di Vodacom, ó di Vmobile, ó di Celtel ní 2006, Zain ní 2008, Airtel ní 2010, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pààrọ̀ agbòòrùn fún wa. Oníbàárà tó ń pè lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀ wá ń ra káàdì 100 náírà lọ́wọ́ wa kó lè pè lórí tirẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ìyá ẹlẹ́wà yẹn ra fóònù, èmi ni mo sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa di 2012, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti ju 100 mílíọ̀nù lọ.

Àwọn tó ń ṣírò sì ní ó parí síbẹ̀, gbogbo èèyàn ti wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba pàṣẹ kí a so nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN mọ́ síìmù. Ní oṣù Kẹrin 2022, wọ́n dí ẹnu ìlà tó lé ní 72 mílíọ̀nù, wọn kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Láàárín àkókò yẹn ni ìjọba kan náà ti Twitter pa, láti oṣù Kẹfà 2021 títí di oṣù Kìn-ín-ní 2022. Wọ́n pariwo lórí ti Twitter, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn lójú. Ariwo tí mo gbọ́ lórí ìlà mílíọ̀nù 72 kò tó ìyẹn rárá. Àwọn tó ni ìlà wọ̀nyẹn tí mo mọ̀ kì í lo Twitter. Àwọn ìyá ni, tí ìka wọn ti bó nínú iṣẹ́ débi pé ẹ̀rọ kò rí ìlà ọwọ́ wọn kà. Àwọn bàbá oko ni, tí wọn kò lè fi ọjọ́ iṣẹ́ tò lórí ìlà níbi ìforúkọsílẹ̀. Ní oṣù tí wọ́n dí ìlà náà, mo gbọ́ ní Bódìjà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi." Ọmọbìnrin onípíọ́ọ̀sì kan ni wọ́n ń sọ fún. Ó gbé fóònù tirẹ̀ fún ìyá náà, kò sì gba kọ́bọ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, NCC gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó ìpè àti dátà. Mo mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì àti dọ́là wọ́n nígbà náà. Mo sì mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ dín ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù.

Mo ń kó ìwé nọ́ńbà àwọn oníkọ́ọ̀lù jọ báyìí, páálí tí wọ́n fi kọ iye owó, àwòrán tó bá wà. Tèmi wà lọ́wọ́. Omi ba abala kan nínú rẹ̀ jẹ́, ìyókù ṣì ṣeé kà. Mo ti rí ti obìnrin kan ní Òjòó àti ti ẹnì kan ní Gbági. Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín jókòó sábẹ́ agbòòrùn láàárín 2001 sí 2010, ẹ bi wọ́n léèrè: èló ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ta ló yá wọn, àwọn wo ló ń pè, ibo ni wọ́n ń pè? Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù yín, ní ohùn wọn, lédè tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Bí ìwé nọ́ńbà náà bá ṣì wà nínú àpótí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sun ún. Ẹ bo orúkọ àwọn oníbàárà tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni.